Íǹṣì Mélòó Ló Yẹ Kó Jẹ́? Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Sáìsì Táblẹ́ẹ̀tì Rọ́gẹ́ẹ̀dì Tó Bá Iṣẹ́ Yín Mu

Ìbéèrè yìí ò tán lẹ́nu àwọn èèyàn: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé 8 ni kí n rà àbí 10?" Àwọn tó ń ya máàpù oko kòkó ń bi mí, àwọn nọ́ọ̀sì tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ń bi mí, àwọn ọmọ tó ń gba dátà káàkiri Adó-Èkìtì níbí náà ń bi mí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé owó ti wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti fẹ́ san án kí wọ́n tó rántí béèrè. Torí náà mo ní kí n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ síbì kan ṣoṣo, kí ẹni tó bá fẹ́ rà lè máa tẹ̀lé e lọ díẹ̀díẹ̀.

Táblẹ́ẹ̀tì rọ́gẹ́ẹ̀dì tí mò ń wí ni èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ ìta, tó lè já bọ́ lọ́wọ́ kó má fọ́, tí òjò lè pa, tí eruku ọyẹ́ ò lè ráyè wọ inú ẹ̀. Ti pé ká fi wo fíìmù lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rọ̀ ibòmíì nìyẹn.

Ìdáhùn fún ẹni tó ń kánjú

Tó bá jẹ́ pé ẹ máa ń dúró tàbí rìn nígbà tẹ́ ẹ bá ń lò ó, ẹ ra íǹṣì 8. Tẹ́ ẹ bá máa ń jókòó, tàbí ẹ máa ń gbé e lé nǹkan, tàbí tó bá jẹ́ máàpù àti pláànù tó kún fọ́fọ́ lẹ máa ń wò, ẹ ra 10. Íǹṣì 7 wá sílẹ̀ wà fún ẹni tí ọwọ́ kejì ẹ̀ ò ráyè rárá. 11 lọ sókè, inú mọ́tò tàbí orí tábìlì ni kó máa gbé.

Ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi kẹ́ ẹ tó bi ojú. Ojú á máa fẹ́ èyí tó tóbi, ojú lè wò ó ní ṣọ́ọ̀bù fún ìṣẹ́jú méjì kó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, àmọ́ ọwọ́ ló máa gbé e láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Kí ni íǹṣì yẹn ń wọ̀n gan-an?

Láti igun òkè lápá ọ̀tún dé igun ìsàlẹ̀ lápá òsì ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, ibi tó ń tàn nìkan, wọn kì í ka rọ́bà etí ẹ̀ mọ́ ọn. Íǹṣì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54, torí náà 8 jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 20, 10.1 sì sún mọ́ 26. Ó jọ pé ìyàtọ̀ ọ̀hún ò tó nǹkan, àbí? Ẹ dúró ná. Tí ìrísí àwọn méjèèjì bá rí bákan náà, ojú 10.1 fi bíi 60% gbòòrò ju ti 8 lọ. Ìyàtọ̀ ńlá gbáà nìyẹn, fún ojú àti fún ọwọ́.

Ohun míì ni pé ara táblẹ́ẹ̀tì rọ́gẹ́ẹ̀dì máa ń tóbi ju ojú ẹ̀ lọ dáadáa, torí rọ́bà tó ń dáàbò bò ó. Samsung Galaxy Tab Active5 tó jẹ́ íǹṣì 8, ara ẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12.7, ó sì gùn tó 21.4. Galaxy Tab Active4 Pro tó jẹ́ 10.1, ara tiẹ̀ fẹ̀ tó 17, ó gùn tó 24.3. Èyí tó fẹ̀ tó 12.7, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lè fi ọwọ́ kan gbá a mú láti ẹ̀yìn. Èyí tó fẹ̀ tó 17, kò ṣeé gbá mú bẹ́ẹ̀ àfi tó bá ní okùn ọwọ́ lẹ́yìn.

Ẹ tún wo ìrísí ẹ̀. Àwọn kan gùn tẹ́ẹ́rẹ́ (16:10 ni wọ́n máa kọ sí wọn lára), àwọn kan sún mọ́ igun mẹ́rin dọ́gbadọ́gba (4:3). Méjì lè jẹ́ íǹṣì kan náà kí fífẹ̀ wọn má dọ́gba, torí náà fífẹ̀ àti gígùn ara ẹ̀ ni kẹ́ ẹ béèrè, ẹ má fi íǹṣì nìkan ṣe é.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan

1. Ẹ kọ ipò tí ara yín máa ń wà sílẹ̀. Ẹ mú bébà, ẹ kọ gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ máa fi táblẹ́ẹ̀tì yẹn ṣe láàárín ọjọ́ kan, ẹ wá kọ ọ̀kan nínú wọ̀nyí sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìdúró, ìrìn, ìjókòó, inú mọ́tò. Ẹ má tan ara yín o. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní "mo máa ń jókòó" torí pé ọ́fíìsì ló kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ inú oko kòkó l'Émùré tàbí ẹnu ọ̀nà ìyá kan n'Íkọ̀lé ni wọ́n ti ń tẹ nǹkan jù. Tí ìdúró àti ìrìn bá lé ní ìdajì, orí íǹṣì 8 ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí nǹkan míì tó fà yín sókè.

2. Ẹ wá ojú ewé tó le jù nínú áàpù yín. Kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ máa ń ṣí jù o, èyí tó kún jù ni. Tó bá jẹ́ KoboCollect tàbí ODK Collect (áàpù tí wọ́n fi ń kọ ìdáhùn sí fọ́ọ̀mù) lẹ̀ ń lò, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ló sábà máa ń gbé wá lẹ́ẹ̀kan, 8 ti tó fún un, kódà 7 ṣe é. QField, áàpù tí wọ́n fi ń ya máàpù, yàtọ̀: tẹ́ ẹ bá dá táblẹ́ẹ̀tì sí ìbú, fọ́ọ̀mù á ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ máàpù, lórí íǹṣì 8 máàpù yẹn á wá há bí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, àmọ́ lórí 10 àwọn méjèèjì á rímú mí.

Tó bá jẹ́ pláànù tàbí fọ́ọ̀mù A4 tí wọ́n sọ di PDF lẹ máa ń kà, ẹ fetí sí ìṣirò yìí. Bébà A4 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 21. Táblẹ́ẹ̀tì 10.1 tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tẹ́ ẹ bá gbé e dúró ní òró, ojú ẹ̀ fẹ̀ tó bíi 13.6. Ti 8 fẹ̀ tó bíi 10.8. Ìyẹn ni pé lẹ́tà tó jẹ́ sáìsì 12 lórí bébà á dà bíi 8 lórí íǹṣì 10, á dà bíi 6 lórí íǹṣì 8. Sáìsì 6 nínú oòrùn ọ̀sán, pẹ̀lú òógùn lójú, kò ṣeé kà. Ẹ ó kàn máa fi ìka fẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún sósì ṣáá ni.

3. Ẹ gé páálí, ẹ so píọ̀wọ́tà mọ́ ọn. Èyí lọ́kàn mi balẹ̀ lé lórí jù nínú gbogbo ẹ̀, torí kò náni lówó, ó sì ń sọ òótọ́ tí olùtajà ò ní sọ. Ẹ mú páálí Indomie tàbí páálí bàtà, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, ẹ gé ọ̀kan sí 12.7 sí 21.4, ẹ gé èkejì sí 17 sí 24.3, ẹ gé méjì-méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ lè lẹ̀ wọ́n pọ̀ kó le.

Ó wá ku bó ṣe wúwo. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà tó jẹ́ 50cl, ìdajì kílò ni. Táblẹ́ẹ̀tì íǹṣì 8 bíi Tab Active5 jẹ́ bíi gíráàmù 430, torí náà ọ̀rá omi kan tẹ́ ẹ ti mu díẹ̀ nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ sì di ẹnu ẹ̀ dáadáa, sún mọ́ ọn. Tab Active4 Pro tó jẹ́ 10.1 sún mọ́ gíráàmù 670, ẹ fi ọ̀rá kan àti díẹ̀ lé e. Àwọn míì wà tó jẹ́ íǹṣì 10 náà tó ju kílò kan lọ, bíi Panasonic Toughbook G2, ọ̀rá méjì nìyẹn, ó tún lé díẹ̀.

Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ omi yẹn mọ́ ẹ̀yìn páálí, ẹ gbé e sọ́wọ́ òsì, ẹ máa fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe bí ẹni ń tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ wá máa rìn kiri fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má ṣe é nínú pálọ̀. Ẹ lọ síbi tí ilẹ̀ ti gun òkè, èyí tí kò wọ́n wa níbí, ará Ìkéré àti ará Ẹfọ̀n ò ní rìn jìnnà rárá. Ẹ wo ibi tó máa kọ́kọ́ dùn yín. Tó bá jẹ́ ọrùn ọwọ́, ó wúwo jù fún yín. Tó bá jẹ́ ìdí àtàǹpàkò, ó fẹ̀ jù, ẹ ń fi ipá di etí ẹ̀ mú, ọ̀tọ̀ sì ni ìṣòro méjèèjì: okùn ọwọ́ lè wo ti fífẹ̀ sàn, kò lè wo ti wíwúwo.

4. Ẹ ronú sí ibi tó máa gbé tẹ́ ẹ ò bá lò ó. Íǹṣì 8 máa wọ àpò ńlá inú jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́, ó máa wọ báàgì àgbékọ́ kékeré. 10 á nílò báàgì ẹ̀yìn, tẹ́ ẹ bá wá wà lórí ọ̀kadà, àárín yín àti ẹni tó gbé yín, tàbí ẹ̀yìn yín, ni báàgì yẹn máa wà. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé táblẹ́ẹ̀tì tó bá ṣòroó fà yọ, inú báàgì ló máa ń wà. Mo ti rí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbé 10 lọ sóko, tí wọ́n ń fi bírò kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé, tó bá di alẹ́ wọ́n á wá jókòó máa dà á kọ sínú táblẹ́ẹ̀tì, orúkọ bàbá kan á wá bọ́ sórí oko bàbá míì. Kí ni wọ́n wá rà á fún?

5. Ẹ gbé e sínú oòrùn. Nit ni wọ́n fi ń wọn bí ojú ẹ̀ ṣe ń tàn tó. 300 sí 400 dáa nínú ilé. Fún ìta, ẹ wá 600 ó kéré tán, tó bá sì jẹ́ pápá gbalasa tí kò sí igi, 1,000 ló máa ń tẹ́ni lọ́rùn, irú èyí tó wà lára Toughbook G2. Íǹṣì 8 tó ń tàn dáadáa sàn ju 10 tó ṣókùnkùn lọ ní gbogbo ọ̀nà, torí ojú tó fẹ̀ tí kò tàn, ńṣe lẹ máa máa rí ojú ara yín nínú ẹ̀ bíi díńgí.

Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ sọ fún un kó jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e síta láàárín agogo méjìlá sí méjì ọ̀sán. Ẹ ṣí máàpù tó ní ìlà tínrín, kì í ṣe fọ́tò aláwọ̀ mèremère tí wọ́n máa ń gbé sójú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń wọ gíláàsì oòrùn níbi iṣẹ́, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ wò ó ní òró, ẹ tún wò ó ní ìbú, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé ojú ẹ̀ máa ṣú pátápátá lápá kan tẹ́ ẹ bá wọ gíláàsì.

6. Ọwọ́ tó tutù, ìbọ̀wọ́, àti ojú tó ti ń dàgbà. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lóko ìrẹsì n'Ígbẹ́mọ mọ̀ pé ọwọ́ kì í gbẹ. Ẹ̀kán omi lórí dígí, táblẹ́ẹ̀tì lè rò pé ìka ni, á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ara ẹ̀. Bọ́tìnì tó bá kéré ni ìyà yẹn máa ń pọ̀ lára ẹ̀ jù, torí náà tí ọwọ́ yín bá máa ń tutù tàbí ẹ máa ń wọ ìbọ̀wọ́, ẹ wo inú sẹ́tíǹgì bóyá ó ní ètò fún ìbọ̀wọ́ àti fún omi, ẹ sì wò ó bóyá bọ́tìnì gidi wà lára ẹ̀ tẹ́ ẹ lè fi ya fọ́tò láìfọwọ́ kan dígí.

Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún tí lẹ́tà kékeré ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, kó má tíì sáré lọ ra 10. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí sẹ́tíǹgì, ẹ sọ lẹ́tà di ńlá sí i ní ìpele kan tàbí méjì lórí 8, ẹ wá ṣí áàpù iṣẹ́ yín. Tí gbogbo ẹ̀ bá ṣì jókòó dáadáa, ìṣòro ti tán. Tí bọ́tìnì "Save" bá ti sá wọ ìsàlẹ̀ tẹ́ ẹ ò rí i mọ́, ó di 10 nìyẹn.

7. Bátìrì. Ojú tó fẹ̀ ń jẹ iná jù, ojú tó sì ń tàn dáadáa tún ń jẹ ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má wo mAh nìkan. Tab Active5 gbé 5,050mAh, Tab Active4 Pro gbé 7,600mAh, ìyẹn ò ní kí ti 10 pẹ́ ju ti 8 lọ tẹ́ ẹ bá ń lò ó nínú oòrùn. Ohun tó dáa jù fún àwa tí iná kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró ní abúlé wa ni bátìrì tó ṣeé yọ, kẹ́ ẹ ra èkejì, kẹ́ ẹ gba iná sí méjèèjì lálẹ́. Àwọn Samsung méjèèjì tí mo dárúkọ yẹn ṣeé yọ bátìrì wọn.

8. Ẹ ra ẹyọ kan ṣoṣo kẹ́ ẹ tó ra ogún. Èyí wà fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rà fún ẹgbẹ́ tàbí fún ọ́fíìsì. Ẹ gbé e fún ẹni tó kéré jù lára nínú ẹgbẹ́ yín, lẹ́yìn náà ẹ gbé e fún ẹni tó dàgbà jù, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ṣiṣẹ́ gidi fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀gá tó ń buwọ́ lùwé kọ́ ló máa gbé e gun òkè, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ló máa yàn.

Sáìsì kọ̀ọ̀kan àti iṣẹ́ tó bá a mu

- Íǹṣì 7 wá sílẹ̀: kíka mítà, wíwo bákóòdù, fífi ọwọ́ kan di nǹkan mú kẹ́ ẹ máa fi èkejì tẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ ìdìbò gómìnà Èkìtì ní June 18, 2022 rántí BVAS, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń gbé sókè sójú olùdìbò. Irú iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa gbé ẹ̀rọ sókè síwájú èèyàn bẹ́ẹ̀, kékeré ló yẹ ẹ́. Getac ZX70 jẹ́ íǹṣì 7.
- Íǹṣì 8: ìbéèrè lẹ́nu ọ̀nà, ìforúkọsílẹ̀ àgbẹ̀, àyẹ̀wò ọmọ ọwọ́, kíka ọjà ní wíàháòsì. Tí ẹ ò bá mọ èyí tẹ́ ẹ máa rà, ibí ni kẹ́ ẹ wà.
- Íǹṣì 10: máàpù, pláànù ilé, sọ̀féyọ̀, ẹnjiníà níbi títì, mẹkáníìkì tó ń gbé e sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì láti ka kóòdù mọ́tò, àti gbogbo ẹni tó ń lo Windows.
- 11 sí 12: Getac F110 jẹ́ 11.6. Ó dáa fún inú mọ́tò àti ọ́fíìsì tó wà níbi iṣẹ́. Ẹ má gbé e rìn.

Mo dárúkọ Windows torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò ronú kàn án. Máùsì ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ṣe púrógíráàmù Windows púpọ̀, bọ́tìnì wọn kéré, ìka ò bá wọn rẹ́. Lórí íǹṣì 8 ẹ máa tẹ "Close" níbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ tẹ "Save". Tí áàpù iṣẹ́ yín bá jẹ́ ti Windows nìkan, ọ̀rọ̀ sáìsì ti yanjú ara ẹ̀, 10 ló kéré jù, kẹ́ ẹ sì ra pẹ́ẹ̀nì mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ya máàpù oko kòkó

Mo fẹ́ dúró síbí díẹ̀ torí ẹ̀yin lẹ pọ̀ jù nínú àwọn tó ń béèrè. Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin kan ní 2023 lórí pípa igbó run, kòkó wà nínú ohun tó kàn. Òfin náà ní kí ẹni tó bá fẹ́ kó kòkó wọ ọ̀dọ̀ wọn mú ibi tí oko kọ̀ọ̀kan wà lórí ilẹ̀ wá. Oko tó bá lé ní hẹ́kítà 4, ẹ gbọ́dọ̀ ya ààlà ẹ̀ yípo. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, ojú kan ṣoṣo ti tó, àmọ́ nínú nọ́ńbà tí GPS bá gbé wá, èyí tó wà lẹ́yìn pọ́ìntì gbọ́dọ̀ tó mẹ́fà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń wá táblẹ́ẹ̀tì báyìí.

Iṣẹ́ yín pé méjì, ẹ má pa wọ́n pọ̀:

1. Ẹni tó ń rìn yípo ààlà. Ó ń bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ ẹ̀ka kòkó kọjá, ewé gbígbẹ ń yọ̀ lẹ́sẹ̀, ó lè jẹ́ pé àdá wà lọ́wọ́ kejì. Ẹni yìí ò gbọ́dọ̀ gbé 10. Íǹṣì 8 tó ní okùn ọwọ́ lẹ́yìn, tàbí fóònù rọ́gẹ́ẹ̀dì lásán.
2. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó jókòó sábẹ́ igi tàbí ní ọ́fíìsì, ó ń wò ó bóyá oko Bàbá yìí gun orí ti aládùúgbò ẹ̀, bóyá ìlà ti lọ́ pọ̀ níbì kan. Ẹni yìí nílò 10, torí ó gbọ́dọ̀ rí oko mẹ́rin márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà.

Tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe méjèèjì, kó ra 8, kó máa lo kọ̀ǹpútà fún àyẹ̀wò tó bá délé. Kó má ṣe ra 10 torí àyẹ̀wò ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó wá fi gbogbo ọjọ́ jìyà ẹ̀.

Ìkìlọ̀ pàtàkì: 10 ò mọ ọ̀nà ju 8 lọ o! GPS ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú fífẹ̀ ojú táblẹ́ẹ̀tì. Abẹ́ ewé kòkó tó ṣú dùdù, GPS á máa rìn gbéregbère lórí méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá dé igun oko, ẹ dúró díẹ̀ kó fìdí múlẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ìyẹn máa ṣe yín láǹfààní ju íǹṣì méjì lọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Ríra èyí tó tóbi jù torí pé owó tó o. Owó tó ṣẹ́ kù yẹn, ẹ fi ra bátìrì kejì, okùn ọwọ́, àti ike tó ń gba oòrùn lójú dígí.

Kíka pixel (àwọn ẹ̀kán iná tíntìntín tó para pọ̀ di ojú ẹ̀) dípò íǹṣì. 1920 sí 1200 lè wà lórí 8, ó lè wà lórí 10.1. Lórí 8 lẹ́tà á mọ́ rekete, àmọ́ kò sọ ọ́ di ńlá. Èyí tẹ́ ẹ máa sá fún ni 10.1 tó jẹ́ 1280 sí 800, ìlà máàpù máa ń rí págunpàgun lórí ẹ̀.

Gbígbà pé rọ́gẹ́ẹ̀dì ò lè fọ́. Ìdánwò MIL-STD-810H (ìlànà àwọn ológun Amẹ́ríkà) tí wọ́n ń kọ sí páálí, nǹkan bíi mítà 1.2 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń ju tiwọn sílẹ̀. Láti àyà ẹni tó dúró lórí àpáta, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó wúwo sì ni ilẹ̀ máa ń gbá jù. Bákan náà ni IP67: 6 ni pé eruku ò lè wọlé, 7 ni pé ó lè wà nínú omi mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé láti pa ìdérí ihò ṣájà lára èyí tó ní ìdérí, gbogbo ìyẹn ti bàjẹ́.

Àìronú nípa kíbọọdù. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ ọ̀rọ̀, kíbọọdù máa gba bíi ìdajì ojú 8 tẹ́ ẹ bá dá a sí ìbú. Ẹ máa gbé e dúró ní òró tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ nǹkan tó gùn.

Tí ìkankan nínú wọn ò bá ṣe é

Fóònù rọ́gẹ́ẹ̀dì tó jẹ́ íǹṣì 6 sí 6.7 lè ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ fọ́ọ̀mù, ó wọ àpò, ó sì lè pe èèyàn. Fún nọ́ọ̀sì tó ń fi ọwọ́ kan gbé ọmọ, mo fara mọ́ ọn ju táblẹ́ẹ̀tì lọ.

Táblẹ́ẹ̀tì lásán nínú késì rọ́bà tó nípọn: ó dáa fún ilé ìwòsàn, ilé ìwé, àti wíàháòsì tí òjò ò dé. Ibi tí wọ́n ti ń wa kùsà n'Íjerò tàbí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ẹ má dán an wò, eruku tínrín yẹn á wọ ihò ṣájà àti ẹnu sípíkà.

Ẹni tó nílò méjèèjì nínú mọ́tò àti níta lè ra 10, kó kan àgbékọ́ mọ́ dáṣíbọọ̀dù, kó wá máa fi fóònù ṣe èyí tó gba ìrìn. Àwọn Tab Active kan lè ṣiṣẹ́ láìsí bátìrì nínú wọn tí wọ́n bá ti wà lórí iná mọ́tò, ìyẹn sì ń gba bátìrì lọ́wọ́ ooru.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ mú ìwọ̀nyí dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù

- Páálí tẹ́ ẹ gé. Ẹ gbé e lé táblẹ́ẹ̀tì gangan, ẹ wò ó bóyá wọ́n dọ́gba.
- Áàpù iṣẹ́ yín lórí fóònù, kẹ́ ẹ lè fi sórí ẹ̀ kẹ́ ẹ sì ṣí ojú ewé tó le jù yẹn.
- Gíláàsì àti ìbọ̀wọ́ tẹ́ ẹ fi ń ṣiṣẹ́.
- Báàgì yín. Ẹ tì í bọ inú ẹ̀, ẹ fà á yọ pẹ̀lú ọwọ́ kan.
- Rúlà. Ẹ wọ̀n ojú ẹ̀ láti igun dé igun, torí àwọn kan máa ń kọ 10 sára páálí ohun tí kò pé 10.
- Ìbéèrè yìí fún olùtajà: "Tí dígí yìí bá fọ́, ṣé ẹ ní òmíì, ọjọ́ mélòó ló máa gbà?" Dígí sáìsì tó wọ́pọ̀ máa ń yá rí ju ti èyí tó ṣàjèjì lọ. Tó bá ní àfi kí wọ́n ránṣẹ́ sí Èkó, ẹ béèrè iye ẹ̀ níwájú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó kọ ọ́ sára rìsíìtì.